Orin Ìgbà Èwe Wa: Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Wọn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí a bá ti jẹun tán tí àwọn àgbà sì ti fẹ̀yìn ti àga, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn ṣí rédíò nílẹ̀ wa yìí kí ó má bá orin àtijọ́ kan pàdé. Bí fèrè bá ti dún lẹ́ẹ̀kan tí gìtá sì tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i tí ojú àwọn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún yóò tàn, tí ẹsẹ̀ wọn yóò sì máa lu ilẹ̀ lábẹ́ àga láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ ni ó pàṣẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀: pé orin ti tán nílẹ̀ yìí, pé ariwo lásán ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pa, pé a kò lè tún rí irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Àwa pẹ̀lú kò yọ ara wa sílẹ̀ nínú àárò yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, tí ó tún gbọ́ ọ lónìí, kì í ṣe orin nìkan ni ó ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ti kú, ó ń rí òpópónà tí a ti wó ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, bá wa gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe bóyá orin ìgbà èwe wa dùn tàbí kò dùn. Adùn rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìbéèrè tiwa ni pé: níbo ni àwọn orin náà wà nísinsìnyí, ta ni ó sì ń tọ́jú wọn?

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn wa lè mọ ohun tí à ń wí, ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi okùn wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ní ọdún 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni, a máa ń gbé e kọ́ ara ògiri, ẹni tí ó bá sì gbà á sílé a máa san owó rẹ̀. Nítorí pé àpótí náà ń sọ̀rọ̀ ṣáá tí kì í dúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni ni àwọn ènìyàn wa ṣe sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. A kò tí ì gbọ́ orúkọ tí ó bá ìjọba àjèjì mu ju èyí lọ. Síbẹ̀, láti inú àpótí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn akọrin tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o ni ó ní gíràmáfóònù, èyí tí a ní láti fi ọwọ́ yí kí ó tó lè kọrin. Àwo orin ìgbà náà dúdú, ó sì wúwo. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà wà lára ohun tí a fi ń ṣe é. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kì í sì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ó bá jábọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó parí nìyẹn; yóò fọ́ yángá bí àwo tánganran. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kò ní í gbàgbé ẹgba tí ń tẹ̀ lé e.

A fẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ni ní ewì fi ọkàn sí ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. Akọrin tí ó ti mọ́ lára láti máa kọrin láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ní òde ìnáwó, tí ó lè ki ènìyàn kan títí yóò fi kan baba ńlá rẹ̀ kẹrin, ni a mú wọ inú yàrá kan tí a sì sọ fún pé kí ó sọ gbogbo ohun tí ó ní í sọ kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín àwo. Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́. Òwe kan ní láti ṣe iṣẹ́ ìtàn odidi, orúkọ ènìyàn kan ní láti dúró fún ìdílé rẹ̀, ìlù sì ní láti parí ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò rí àyè sọ. Ìdí nìyí tí àwọn orin náà fi rọrùn láti há sórí, tí a sì lè kọ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí àwo ńlá dé lẹ́yìn náà, àwọn akọrin àpàlà àti jùjú gba òmìnira wọn padà, wọ́n sì lè fi odindi ojú àwo kan kọ orin kan ṣoṣo. Ìyẹn náà ní ẹwà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹwà mìíràn ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbà tiwa ni orin Yorùbá kọ́kọ́ wọ inú àwo. Ní ọdún 1922, nígbà tí Alùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin Yorùbá tí ó lé ní ogójì sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ni Fela tí gbogbo ayé mọ̀. Alùfáà yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó rí i pé orin ìsìn tí àwọn òyìnbó fi ohùn ilẹ̀ wọn kọ ń ba èdè wa jẹ́, nítorí pé ohùn orin a gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè níbi tí ẹnu Yorùbá ti ń lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ a sì di ọkọ́ lẹ́nu ọmọ ìjọ. Àwọn akọrin ìgbà èwe wa kò ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí ẹnu ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Tunde King, ọmọ Olówógbówó ní Èkó, tí ó fi orin jùjú sínú àwo fún Parlophone ní ọdún 1936, mọ̀ ọ́n. Roy Chicago mọ̀ ọ́n, òun ni ó mú ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ àárín fèrè òyìnbó nínú orin háíláìfù, tí ìlù àti akọrin sì ń bá ara wọn wí níwájú àwọn tí ń jó.

Ó di ọ̀rọ̀ háíláìfù. Láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà láti ọdún 1957, ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. E. T. Mensah, apòògùn tí ó tún jẹ́ afọnfèrè, kó ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ wá sí Nàìjíríà léraléra láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ẹgbẹ́ tiwa sì kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, nígbà tí Louis Armstrong, àgbà afọnfèrè Amẹ́ríkà, bẹ Accra wò, Mensah wà lára àwọn tí ó bá a ṣeré. Nílé, Bobby Benson ọmọ Ìkòròdú ni baba fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orin rẹ̀ nípa awakọ̀ takisí kò ṣeé gbàgbé fún ẹni tí ó bá gbé Èkó nígbà náà. Victor Olaiya, ọmọ Èkìtì tí a bí sí Kàlàbá ní ìparí ọdún 1930, dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní ọdún 1954. Òun ni ó ṣeré nígbà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá ní ọdún 1956, òun náà ni ó sì tún ṣeré níbi ijó ńlá ìgbòmìnira ní ọdún 1960. Ẹgbẹ́ kan náà, fèrè kan náà, ṣùgbọ́n alẹ́ méjèèjì kò jọra.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìlú wà nínú rẹ̀. Rex Lawson jẹ́ ọmọ Kàlàbàrí láti Bùgúmà ní ẹ̀bá òkun. Ó kọrin ní èdè rẹ̀, ó kọ ọ́ ní èdè Ìgbò àti ní àwọn èdè mìíràn, àwọn ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ sì ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ògbufọ̀. Ní ìhà Àríwá, Mamman Shata ń kọrin tí gbogbo ilẹ̀ Haúsá ń gbé kiri, Dan Maraya Jos sì ń fi kùntìgí, ohun èlò olókùn kan ṣoṣo, kọrin nípa àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn tálákà. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú mọ́kànlélógún ní Ẹnúgu ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1949. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbé eré kan jáde tí ó pè ní Bread and Bullet, tí ó gbé e kiri orílẹ̀-èdè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń fi orin sunkún àwọn ará Ẹnúgu. Nígbà tí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé pé àwọn olóṣèlú ni ó kó orílẹ̀-èdè yìí jọ, ó yẹ kí a fi kún un pé àwọn akọrin ti ń ṣe é kí àwọn olóṣèlú tó parí ìpàdé wọn.

Àwọn akọrin náà ni ó sì kọ́kọ́ fi ara gbá a nígbà tí ilé dàrú. Ẹgbẹ́ háíláìfù kan ní Èkó ṣáájú ogun lè ní afọnfèrè láti ìhà Ìlà-Oòrùn, onígìtá láti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, àti onílù láti Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966 tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù lọ sílé. Àga ṣófo lórí ìtàgé, ilé ijó kan tẹ̀ lé èkejì láti ti ìlẹ̀kùn. Orin jùjú, tí ó ti ń dàgbà bọ̀ lọ́wọ́ I. K. Dairo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gba àyè náà ní Èkó àti ní ilẹ̀ Yorùbá. Dairo tọ́ sí i, àní Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá láti ọdún 1963. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lọ kò padà bọ̀ sípò rẹ̀. Rex Lawson la ogun náà já, ó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1971, nígbà tí ó ń lọ ṣeré ní Wàrí.

Ní ti ẹjọ́ tí àwọn àgbà ń pe àwọn ọmọ ìsinsìnyí, àwa kò ní í bá wọn dá sí i. Gbogbo ohun tí a ń sọ sí orin àwọn ọmọ wa lónìí ni àwọn òbí wa sọ sí tiwa. Wọ́n ní orin jùjú jẹ́ orin ọ̀mùtí, orin ilé ọtí, wọ́n ní onígìtá kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọmọbìnrin fún. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ orin wéré, tí a fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì, di fújì, àwọn àgbà kan náà tún bú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo orin àtijọ́ ni ó dára. A mọ èyí tí ó jẹ́ pé owó nìkan ni ó ń kì, a mọ èyí tí ó fi obìnrin ṣẹ̀sín láti orí dé ẹsẹ̀, àárò kò sì gbọdọ̀ fọ́ wa lójú sí i. Ní ọdún 2013, Olaiya, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin nígbà náà, bá 2face Idibia, ọ̀kan nínú àwọn olórin tí ń bẹ lóde, tún orin Baby Jowo kọ. Àwọn ọmọ tí kò tí ì sí láyé nígbà tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Olaiya kú ní oṣù Kejì ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń kọ orin rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò kọ orin wa sílẹ̀. Àwa ni a kò fi í lé wọn lọ́wọ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn wà. Àwọn àwo 78 wọ̀nyí ti fọ́ nílé wa, ooru ti ká àwo ńlá kò, a sì ti kó èyí tí ó kù sórí àjà fún eku. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò, téèpù wọ́n owó, nítorí náà a pa ohùn àná rẹ́ kí a lè rí ibi gba ohùn òní sí. A mọ ọ̀gbẹ́ni kan tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wa pé òun fi ọwọ́ ara òun pa àwọn ohùn tí òun yóò fi owó ìfẹ̀yìntì òun rà padà bí ó bá ṣeé ṣe. A kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan.

Ibo wá ni ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ àwọn àwo náà yóò lọ? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Decca ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àwo àtètèkọ́ṣe wà ní ilé ìpamọ́ EMI ní Hayes, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù bákan náà. Ní ọdún 2008, ilé ìtajà orin kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Honest Jon's yọ díẹ̀ nínú wọn jáde, èyí tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1927 sí 1929, wọ́n sì tún un tẹ̀ fún títà. A kò bínú sí wọn. Ẹni tí ó bá pa ẹrù ẹlẹ́rù mọ́ fún ọgọ́rin ọdún láìjẹ́ kí ó bàjẹ́, ọpẹ́ ni ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó ti gba òmìnira láti ọdún 1960, tí ọmọ rẹ̀ sì ní láti gba ìwé ìrìnnà kí ó tó lè gbọ́ ohùn baba ńlá rẹ̀, ẹ bá wa wá orúkọ tí a ó fi pe òmìnira bẹ́ẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ní Gánà ti gbìyànjú jù wá lọ. Ní Accra, John Collins, tí ó ti pẹ́ nídìí orin háíláìfù, bẹ̀rẹ̀ ilé ìpamọ́ kan ní ọdún 1990 fún àwòrán, àwo àti ìwé nípa orin náà. Omíyalé ba púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ jẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kó èyí tí ó kù jọ. Ní Cape Coast pẹ̀lú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo 78 ni a kó jọ sí ilé ìpamọ́ kan. Nílé wa níbí, àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó fi owó ara wọn ṣe é, bí irú àwọn tí ó dá Evergreen Musical Company sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń wá àwo àtijọ́ kiri tí wọ́n sì ń tún wọn gbé jáde. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń fi àpò ara wọn ṣe. Ẹ sì rántí pé àwọn akọrin fúnra wọn ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ohun tiwa kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ àjèjì: ní ọdún 1969 ni Haruna Ishola, ọ̀gá àpàlà, àti I. K. Dairo pa owó pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Star Records. Àwọn méjì tí ó yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn díje ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún wa pé a ti ń da ara wa láàmú lásán, pé gbogbo orin ni ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́ ni a ń rí púpọ̀ níbẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa. Orin ẹnìkan a máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ọdún kò sí níbẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ọdún tí akọrin náà ti kú tán ni a kọ. Orúkọ onílù àti onígìtá kò sí rárá. Ọ̀rọ̀ orin tí a bá sì kọ sílẹ̀, a kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, tó bẹ́ẹ̀ tí òwe ọlọ́gbọ́n fi di àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-iṣẹ́ àjèjì ni ó ni ojú òpó wọ̀nyí. Bí wọ́n bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n sì yọ orin náà kúrò, ta ni a ó bi?

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Ìwé tí a bá tẹ̀ nílẹ̀ yìí, òfin wà pé kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé Àpapọ̀. Kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ fún orin pẹ̀lú, kí a sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ní owó àti àkókò láti da ohùn tí ó kù lórí téèpù wọn sínú kọ̀ǹpútà kí téèpù náà tó jẹrà. Kí a má sì ṣe gbàgbé àwọn ọmọ akọrin. Lábẹ́ òfin tí a tún ṣe ní ọdún 2022, ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ a máa parí ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí a bá ti gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ronú kan orin náà wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Haruna Ishola kú ní ọdún 1983. Títí di ìparí ọdún 2053, bí a bá fi orin tí ó kọ ṣòwò, àwọn ajogún rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùtajà tí ń da orin àtijọ́ kọ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ̀yin náà ni à ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ni a gbójú lé jù lọ. A mọ̀ pé ẹ̀kọ́ orin ti di ara ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́-ọnà ní ilé-ìwé wa, tí wọ́n pọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, àti pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò ní dùùrù, kò ní ìlù, kò tilẹ̀ ní olùkọ́ tí ó gbọ́ orin. Ẹ má ṣe dúró de ìyẹn. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ju ohun tí ẹ̀rọ alágbèéká kan lè gbé lọ. Ẹ lò ó ní àkókò ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ní ọjọ́ kìíní, kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìkọ ohunkóhun sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ ó sì rí i pé akọrin tí kò wọ ilé-ìwé rí yóò ti yanjú ọ̀rọ̀ àmì fún yín, nítorí pé ibi tí orin gòkè ni ọ̀rọ̀ gòkè. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ bi wọ́n pé ta ni ẹni tí akọrin ń kì. Púpọ̀ nínú orin àpàlà, sákárà àti jùjú dárúkọ àwọn oníṣòwò, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìtàn ìlú ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó sì lè túmọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ìyá àgbà tí ó jókòó sílé ọmọ náà, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì bi léèrè nǹkan kan láti ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tí ó jó sí fèrè Mensah kò kéré ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ mọ́ báyìí. Ìsinmi ńlá ilé-ìwé sì ń bọ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí ó wá àgbàlagbà kan tí àwo wà nílé rẹ̀, kí ó bá a nu eruku ara wọn pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí ó tò wọ́n ní ìnàró dípò kí ó tò wọ́n lé ara wọn lórí, níbi tí oòrùn kò ti lè bá wọn. Lẹ́yìn náà kí ó mú ìwé, kí ó kọ ohun tí ó wà lára bébà tí ń bẹ ní àárín àwo náà: orúkọ akọrin, orúkọ orin, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, àti nọ́ńbà rẹ̀. Kí ó yí i padà, kí ó kọ ti ojú kejì pẹ̀lú.